Ẹ To Kọ́ọ̀sì Yín Láti Ẹ̀yìn Wá Síwájú

Àwa Yorùbá pọ̀ nílùú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ẹni tí owó yunifásítì bá ju agbára rẹ̀ lọ níbẹ̀ lè fi kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò bẹ̀rẹ̀. Ó máa ka nǹkan bíi kírẹ́díìtì 60, ó máa gba oyè Associate of Science, lẹ́yìn náà ó máa kọjá sí yunifásítì tó ń béèrè nǹkan bíi 120 fún oyè àkọ́kọ́. Lórí ìwé, ìdajì iṣẹ́ ti parí nìyẹn.

Ṣé bẹ́ẹ̀ náà ló máa ń rí? Rárá o. Èèyàn lè kó kírẹ́díìtì 60 dé yunifásítì, kí wọ́n sì sọ fún un pé kọ́ọ̀sì ọdún kìíní ló ṣì kàn án nínú sáyẹ́ǹsì.

Kí ló fà á? Kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì dà bí àtẹ̀gùn: ẹ ò lè fo ìkankan. Ká ní Bọ́lá fẹ́ gboyè nínú kẹ́mísírì. Kó tó wọ Organic Chemistry I, ó gbọ́dọ̀ ti yege nínú General Chemistry I àti II. Tá a bá fi Organic Chemistry II kún un, kọ́ọ̀sì mẹ́rin nìyẹn, sẹ̀mẹ́sítà mẹ́rin gééré. Tó bá wá ní "ẹ jẹ́ n ṣe èyí tó rọrùn ná" ní sẹ̀mẹ́sítà àkọ́kọ́, ọdún méjì ò ní tó o mọ́.

Ti ìṣirò tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Físíìsì táwọn tó fẹ́ di ẹnjiníà ń kà ń fẹ́ Calculus I ṣáájú. Tó bá jẹ́ College Algebra ni Bọ́lá ti bẹ̀rẹ̀, Precalculus ló kàn, kó tó wá kan Calculus I. Sẹ̀mẹ́sítà kẹrin ló tó máa fojú kan físíìsì àkọ́kọ́! Ọ̀nà àbáyọ ni kó ka Precalculus nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà táwọn yòókù wà nílé.

Torí náà, ẹ kọ orúkọ kọ́ọ̀sì tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ ná. Ẹ bi í pé: kí lò ń fẹ́ kí n kà ṣáájú rẹ? Ẹ máa bọ̀ wá sẹ́yìn bẹ́ẹ̀ títí ẹ ó fi dé sẹ̀mẹ́sítà kìíní. Ẹ máa rí i pé ìṣirò àti kẹ́mísírì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń wà níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún nǹkan méjì míì. Àkọ́kọ́, Associate of Science yàtọ̀ sí Associate of Applied Science. Iṣẹ́ ni wọ́n dìídì ṣe ìkejì fún, ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì inú rẹ̀ kì í sì í wúlò fún oyè sáyẹ́ǹsì ní yunifásítì. Ìkejì, Texas ní kọ́ọ̀sì gbogbogbòò tó jẹ́ kírẹ́díìtì 42, bí ìtàn Amẹ́ríkà àti ètò ìjọba. Tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, yunifásítì ìjọba ní Texas gbọ́dọ̀ gbà á lódindi. Ó dáa, àmọ́ ẹ má kó gbogbo ẹ̀ ṣe tán kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan sáyẹ́ǹsì. Kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tàbí ìṣirò méjì àti gbogbogbòò méjì ní sẹ̀mẹ́sítà kan dáa púpọ̀.

Ẹ rántí pé kí yunifásítì gba kírẹ́díìtì yàtọ̀ sí kó kà á mọ́ oyè tẹ́ ẹ fẹ́. Ẹ wo ohun tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tẹ́ ẹ̀ ń lọ béèrè báyìí, kì í ṣe lọ́dún kejì.

Ọ̀rọ̀ owó ni o. Owó ìrànwọ́ Pell Grant tí ìjọba àpapọ̀ ń fún ẹni tó bá tọ́ sí ò kọjá iye sẹ̀mẹ́sítà 12 láyé ẹni. Kọ́ọ̀sì tí kò bá wúlò fún oyè yín ti jẹ nínú ẹ̀ nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó máa dá a padà.