Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ohun tó lẹ̀ mọ́ èèpo igi yẹn, ẹlẹ́mìí ni

Ṣé ẹ ti rí ohun funfun bí eérú tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara igi máńgòrò tàbí igi obì? Ọ̀pọ̀ wa rò pé àrùn igi ni. Rárá o. Láíkìn ni.

Ẹ̀dá méjì ló ń gbé pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ẹbí olú tí à ń jẹ. Èkejì jẹ́ ẹbí ohun aláwọ̀ ewé tó máa ń yọ̀ lára àmù. Ẹbí olú ló kọ́lé, aláwọ̀ ewé ló ń fi oòrùn se oúnjẹ àwọn méjèèjì. Nígbà tí Simon Schwendener, ọmọ Switzerland, sọ èyí lọ́dún 1867, ọ̀pọ̀ onímọ̀ láíkìn ló takò ó.

Irú láíkìn tí mo fẹ́ràn jù ni Graphis. Ẹ gbójú sún mọ́ ọn dáadáa: ìlà dúdú wẹ́wẹ́, ó wọ́, ó yà, àfi bí ẹni fi gègé kọ lẹ́tà sára igi! Orúkọ rẹ̀ gan-an wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jẹ mọ́ ìwé kíkọ.

Ẹ kán omi sára láíkìn tó gbẹ. Púpọ̀ nínú wọn á kúrò ní àwọ̀ eérú, wọ́n á di àwọ̀ ewé lójú yín, torí awọ òkè ti mumi, ó ti mọ́ gaara, ẹ sì ń rí ẹnì kejì nínú ilé.

Láíkìn kì í fa oje igi mu, torí náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ha á dànù. Ọ̀pọ̀ láíkìn orí àpáta kì í fẹ̀ tó mìlímítà kan lọ́dún. Síbẹ̀, lọ́dún 2005, wọ́n gbé irú méjì lọ sójú òfúrufú níta ayé fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n padà wálé láàyè.