Etí Ló ń Dun Ọmọ, Ọ̀rẹ́ Ni Ìyá Àgbà Gbọ́

Ní àkókò ìsinmi ọdún ẹ̀kọ́ tó kọjá, mo mú àbíkẹ́yìn mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́rin, lọ sí ọ̀dọ̀ ìyá bàbá rẹ̀ ní Kétu. A wọ ọkọ̀ ní Àjàṣẹ́, a gba Sakété àti Pobè kọjá. Ìyá àgbà ti se ẹ̀wà dè wá. Kí n tó sọ ẹrù kalẹ̀, ọmọ ti ń lé adìẹ kiri àgbàlá. Mo sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ní òru ọjọ́ kẹta, ọmọ náà jí, ó ń sunkún. Ó ń wí pé: « Oreille ! Oreille ! » Ìyá àgbà, tí Faransé rẹ̀ kò ju « bonjour » lọ, gbọ́ « ọ̀rẹ́ ». Ó rò pé àárò àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ ló ń sọ ọ́. Ó pọ̀n ọ́n, ó ń rìn ká àgbàlá, ó ń ṣìpẹ̀ fún un pé ọ̀rẹ́ ń bọ̀, pé ilẹ̀ kò ní pẹ́ mọ́. Bí ó bá ti dárúkọ ọ̀rẹ́ ni ẹkún ọmọ ń pọ̀ sí i. Títí àkùkọ fi kọ, wọn kò gbọ́ ara wọn yé. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ilé kejì, tó wá kí ìyá láàárọ̀, ló túmọ̀ ọ̀rọ̀: « Ìyá, etí ló ń dùn ún o. » Ìgbà náà ni wọ́n wò ó tí wọ́n rí i pé ọyún ti ń dà ní etí òsì, ara ọmọ sì gbóná.

Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Olùtọ́jú aláìsàn fún un ní oògùn, ó sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe da òróró tàbí àgbo sí etí tó bá ń dà, kí wọ́n máa fi aṣọ mímọ́ tó gbẹ nù ún. Ara ọmọ yá. Nígbà tí ìyá pè mí lórí fóònù, ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Ó ní: « Ìyàwó mi, ọmọ mi sunkún sí mi lẹ́yìn títí ilẹ̀ fi mọ́, n kò sì mọ ohun tó ń wí. »

Ẹ̀yin òǹkàwé, iṣẹ́ mi ni kí n máa kọ́ àwọn àgbà ní mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà ní èdè Yorùbá. Ní ọjọ́ 21 oṣù kejì ọdọọdún, àyájọ́ èdè abínibí tí àjọ UNESCO dá sílẹ̀ ní 1999, mo máa ń dìde láàárín èrò láti sọ pé kí a má ṣe jẹ́ kí èdè wa parun. Ọmọ tí mo bí kò sì mọ orúkọ etí ara rẹ̀.

Kì í ṣe ìkórìíra èdè ló fà á. Àárẹ̀ wà níbẹ̀. Òfin fún obìnrin òṣìṣẹ́ ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14 nítorí ìbímọ, mẹ́fà ṣáájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. Àwọn oníṣègùn sì ní kí ọmọ mu ọmú nìkan títí yóò fi pé oṣù mẹ́fà. Ẹ fúnra yín ṣe ìṣirò rẹ̀. Ní ìdájí, mo ń fún ọmú sínú ife. Mo ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọmọbìnrin tó ń bá wa gbélé. Mo ń gun sẹ́míjàn lọ síbi iṣẹ́ láìtíì sun oorun wákàtí mẹ́rin. Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ta, a mú un lọ sí jẹ́lé-ó-sinmi. Olùkọ́ kan níbẹ̀ ní bí a bá fẹ́ kó tètè mọ̀wé, kí a máa sọ Faransé fún un nílé. Bàbá rẹ̀ àti èmi ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga; a gbà láìjiyàn.

« Viens ! Assieds-toi ! Mange vite ! Laisse ça ! » Nígbà tí mo ronú sí i, gbogbo Faransé tí mo ń sọ fún ọmọ mi kò ju àṣẹ lọ. N kò fi í bá a ṣeré, n kò fi í rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ìyá tèmi, tí kò ka ìwé kankan, a máa kì mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bó bá ń wẹ̀ mí. Èmi ń wẹ ọmọ tèmi ní ìdákẹ́jẹ́, nítorí pé mo ń wo aago.

Ohun mìíràn tún wà tí n kì í fẹ́ sọ. Nígbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹni tó bá sọ èdè ilé ni wọ́n ń gbé « signal » kọ́ lọ́rùn. Tiwa jẹ́ pátákó kékeré tí wọ́n ta okùn sí. Ẹni tó bá wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí agogo bá lù ni yóò jẹ ẹgba. Mo gbé e ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Nígbà tí olùkọ́ ọmọ mi ń sọ̀rọ̀, bóyá ọrùn mi ló dá a lóhùn.

Láti ìgbà tí ọmọ ti Kétu dé, a fi òfin kan lélẹ̀: Yorùbá nìkan ni a ń sọ ní balùwẹ̀. Faransé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà. Bí mo bá ti fi kàn-ìn-kàn-ìn kan ibì kan, yóò pe orúkọ rẹ̀. Etí la fi bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le púpọ̀. Ó ń ké pé òun kò fẹ́, ó ń sọ fún mi pé: « Màmá, mo ti finir! » Mo fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló bọ́ lẹ́nu mi. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, òun fúnra rẹ̀ ló ń béèrè. Kí ni èyí? Ìgbọ̀nwọ́. Èyí ńkọ́? Kókósẹ̀. Ó fẹ́ràn « ìpéǹpéjú » tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń pè é kiri ilé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó lọ bi bàbá rẹ̀ ní ohun tí wọ́n ń pe ìpéǹpéjú ní Faransé. Bàbá wòkè, ó wolẹ̀, ó ṣí ìwé ìròyìn bo ojú.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ pè é ní Àkànní, ó wo ẹ̀yìn bí ẹni pé ẹlòmíràn wọlé. « Ta ni yẹn? » Mo ní: « Ìwọ ni. Oríkì rẹ ni. » Ó na ara rẹ̀ ró nínú ọṣẹ, ó ní kí n tún un pè.

Kò rọrùn. Ìwẹ̀ tó ń gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti ń gba ìdajì wákàtí. Ọbẹ̀ ti jóná lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó wà ní CM1, ń ráhùn pé kò sí ẹni tó ń wo iṣẹ́ àṣetiléwá òun mọ́, òótọ́ ló sì ń sọ. Bí mo bá ti ìpàdé dé ní aago mẹ́jọ alẹ́, kò sí oríkì, kò sí ìbéèrè: omi ni mo ń dà lé e lórí, mo ń gbé e wọ inú àwọ̀n ẹ̀fọn.

Faransé rẹ̀ kò dín. Ilé-ìwé ń kọ́ ọ, tẹlifíṣọ̀n ń kọ́ ọ. Gùn ńkọ́? Àwọn ọmọ àdúgbò ti fi bọ́ọ̀lù kọ́ ọ láìgba kọ́bọ̀. Yorùbá nìkan ni kò ní olùkọ́ mìíràn ní àdúgbò wa bí kò ṣe àwa.

Láti òru ọjọ́ náà, ìyá àgbà kì í pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ ló ń pè é. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, fóònù dún, ọmọ sì sáré gbà á kí n tó nawọ́.

« Ẹ kú alẹ́, Ìyá àgbà. Ọ̀rẹ́ yín ni. Etí kò dùn mí mọ́. Ṣùgbọ́n mo ṣubú lánàá, orúnkún mi bó. »

Mo gbọ́ ohùn ìyá láti Kétu: « Pẹ̀lẹ́, Ọ̀rẹ́ mi. Èwo nínú rẹ̀? » Ọmọ wo orúnkún méjèèjì, ó jókòó sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ro gbogbo rẹ̀ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀.