Koríko, Igi àti Àyíká Ilé Wa: Iṣẹ́ Kọ̀ọ̀kan ní Àsìkò Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lójú ìwé yìí, ara, aṣọ, oúnjẹ àti omi la sábà máa ń mẹ́nu bà. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ jẹ́ ká ṣílẹ̀kùn, ká jáde síta: iwájú ilé, ẹ̀yìnkùlé, ìdí ọgbà, abẹ́ igi máńgórò. Ànọ́bì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé mímú ohun tó lè ṣe ènìyàn léṣe kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Bí ti ojú ọ̀nà bá rí bẹ́ẹ̀, ti ẹnu ọ̀nà ilé tiwa ńkọ́?

Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: iṣẹ́ àyíká ilé ní àsìkò. Ẹni tó bá ṣe é ní àsìkò rẹ̀, àdá, ọkọ́ àti ìgbálẹ̀ tó o. Ẹni tó bá jẹ́ kó di igbó ni yóò sáré lọ ra májèlé, ibẹ̀ sì ni ewu tí àwa tí a wà nílé oògùn mọ̀ dáadáa ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí òjò tó dé

Nílẹ̀ Yorùbá, òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀, pàápàá láàárín oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún. Torí náà, oṣù kìíní àti oṣù kejì ni ká gbójú sókè wo igi wa. Ẹ̀ka wo ló ti gbẹ? Èwo ló dábùú òrùlé, táǹkì omi tàbí ibi tí àwọn ọmọ ti ń ṣeré? Ẹ gé e kí ìjì tó bá yín gé e. Bí ẹ̀ka bá tóbi, ẹ kọ́kọ́ fi ayùn gé e díẹ̀ láti abẹ́ kí ẹ tó gé e láti òkè, kó má baà fa èèpo igi náà ya. Igi máńgórò tó ti ń so lọ́wọ́, ẹ̀ka tó gbẹ nìkan ni kí ẹ yọ. Ẹ jẹ́ kí èso tán lórí rẹ̀ kí ẹ tó dín orí rẹ̀ kù.

Ẹ̀ka tó bá ti kan wáyà iná, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má sì rán ọmọ ẹlòmíràn gun igi náà. Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ iná kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná ojú ọ̀nà yẹn. Igi tútù àti ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń ká máńgórò, méjèèjì ló ń gbé iná.

Lẹ́yìn igi, gọ́tà ló kàn. Ẹ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀, ẹ má sì da koríko tí ẹ gé sínú rẹ̀ padà. Àwa ará Ìbàdàn kò gbàgbé omíyalé Ògùnpa ti ọdún 1980, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011. Òjò ńlá ló rọ̀, àmọ́ omi tí kò bá rí ọ̀nà tirẹ̀ gbà, ọ̀nà tiwa ni yóò gbà.

Nígbà tí òjò bá ń rọ̀

Láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá, koríko kì í sinmi. Ẹ máa gé e ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì, nígbà tí kò tíì ju iṣẹ́ wákàtí kan lọ. Àmọ́ ọ̀pọ̀ wa gbà pé ilé tó mọ́ ni ilé tí wọ́n fi ọkọ́ ha ilẹ̀ rẹ̀ títí tó fi dán. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ tí kò ní koríko ni ọ̀gbàrá ń wọ́ lọ. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ tí ìpìlẹ̀ wọn ti yọ síta bí eyín; àìsí ohun tó di ilẹ̀ mú wà lára ohun tó fà á. Ẹ gé koríko mọ́lẹ̀, ẹ má hú gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá sì gbin koríko ẹlẹ́wà síwájú ilé, kó má ṣe gé ju ìdá kan nínú mẹ́ta gíga rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan, kó má baà gbẹ.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn náà wà níbẹ̀. Koríko kì í bí ẹ̀fọn. Omi tó dúró ló ń bí i. Inú koríko ló kàn ń sá sí lọ́sàn-án kó tó wọlé tọ̀ wá lálẹ́. Ẹyin ẹ̀fọn lè di ẹ̀fọn tó ń fò láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ìdí nìyí tó fi yẹ ká ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí a ó máa yí ilé po: táyà àtijọ́, agolo, ìkòkò òdòdó, ihò ara igi, ìdí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ẹ da omi inú wọn nù tàbí kí ẹ fi iyẹ̀pẹ̀ dí ihò náà. Ìdílé tó bá ń ṣe èyí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, tó sì ń sùn sábẹ́ àpò ẹ̀fọn, ìlò oògùn ibà wọn yóò dín kù.

Ejò náà ń tẹ̀ lé eku, eku sì ń tẹ̀ lé òkìtì pàǹtírí àti igi tí a tò jọ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Ẹ kó wọn kúrò. Ẹ wọ bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀ bí ẹ bá ń ṣán igbó. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, ẹ má fi okùn so ẹsẹ̀ rẹ̀ le, ẹ má fi abẹ sín in, ẹ má fẹnu fa oró. Ẹ bọ́ òrùka àti bàtà rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó rìn, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ẹni tí àdá tàbí ìṣó bá gún, kó fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ọgbẹ́, kó sì lọ béèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì.

Oògùn apakoríko kì í ṣe ohun eré

Bí koríko bá ti ga, tí owó alágbàṣe sì wọ́n, oògùn apakoríko ni ọkàn ń lọ sí. Ẹ jẹ́ ká sọ ojú abẹ níkòó. Èyí tí wọ́n ń pè ní paraquat kò ní ẹ̀rọ̀. Ìwọ̀n tó kún ẹnu lẹ́ẹ̀kan tó láti pa àgbàlagbà. Ó lè jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ẹni náà ti rò pé òun ti bọ́, ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́. Àjọ NAFDAC ti fòfin dè é ní Nàìjíríà láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹni tó bá ṣì gbé e wá fún yín, ẹ má rà á.

Ohun tó ń bà wá lẹ́rù jù ni àṣà bíbu oògùn láti inú jálá ńlá sínú ìgò ẹlẹ́rìndòdò. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ ìwé kà. Ìgò ló mọ̀. Bó bá ti ibi eré dé, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sí ohun tí yóò sọ fún un pé ohun tó wà nínú ìgò yìí kì í ṣe ti àná. Nítorí Ọlọ́hun, ẹ má bu oògùn kankan sínú ìgò ohun mímu, kódà fún wákàtí kan. Kó wà nínú ohun tó bá wá, tòun ti àkọlé rẹ̀, nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́, níta ilé. Jálá tó bá ṣófo, ẹ dá a lu, kí ẹnikẹ́ni má baà fi rọ epo tàbí fi pọn omi.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má sì tọwọ́ bọ̀ ọ́ lọ́fun kó bì. Epo pupa àti wàrà kì í pa oró yìí, èébì sì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀, ẹ mú ìgò náà dání, ẹ má dúró de àmì àìsàn. Bó bá dà sí ara, ẹ bọ́ aṣọ, kí ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́. Bó bá ta sójú, ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ tó gbé e lọ.

Ẹni tó bá sì rí i pé òun kò lè ṣe kó máà lo oògùn tí òfin fàyè gbà, kó wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, kó wọ ìbọ̀wọ́, bàtà àti ìbomú, kó má fọ́n ọn nígbà tí atẹ́gùn bá ń fẹ́, kó má sì fọ́n ọn sí ìdí kànga tàbí ẹ̀bá ewúro àti ẹ̀fọ́ tí a ó jẹ. Ewúrẹ́ àti adìẹ kò gbọdọ̀ débẹ̀ títí di ìgbà tí àkọlé bá sọ.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ àti ọyẹ́

Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, ewé yóò máa já, koríko yóò gbẹ. Ẹ má fi iná sun wọ́n. Nínú ọyẹ́, iná kékeré máa ń fò láti ọgbà kan sí èkejì, èéfín rẹ̀ sì ń ni ọmọ tó ní ásímà lára gan-an. Ẹ kó ewé náà sí ìdí igi, kó jìnnà díẹ̀ sí ara igi fúnra rẹ̀. Yóò pa omi mọ́ fún gbòǹgbò, yóò sì di ajílẹ̀ nígbà tó bá yá. Omi àlùwàlá tí kò ní ọṣẹ nínú, ẹ fi bẹ́ẹ̀sínì gbà á, kí ẹ sì fi bu omi sí ìdí igi ọsàn tàbí àgbàlùmọ̀ lówùúrọ̀ tàbí nírọ̀lẹ́. Ẹ̀sìn wa kò fẹ́ fífi omi ṣòfò.

Ẹ má sì jẹ́ kó jẹ́ gígé nìkan ni a mọ̀. Bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ gbin igi kan, níbi tó jìnnà sí ògiri àti sókàwéè. Ànọ́bì wa kọ́ wa pé ohun tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ lára ohun tí Mùsùlùmí gbìn, sàárà ni fún un.

Ẹ pín iṣẹ́ náà láàárín ara yín lẹ́yìn ìrun àsùbáà ọjọ́ Sátidé: ẹni tó ń gé, ẹni tó ń gbá, ọmọ tó ń da omi inú agolo nù. Bí ẹ bá sì parí tiyín, ẹ yọjú sí ilé ìyá àgbà tó ń dá gbé ládùúgbò yín, kí ẹ bá a gé tirẹ̀. Ejò àti ẹ̀fọn kò mọ ààlà ọgbà.

Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sí ilé wa àti àyíká rẹ̀. Àmín.