Ṣé Wọ́n Lè Yọ Owó Oúnjẹ Tí Dókítà Ní Ká Máa Jẹ Kúrò Nínú Owó Orí Wa?

Níbi ìpàdé ẹgbẹ́ wa ní Maikunkele níbí, màmá kan gbé àpò ọ̀rá kan wá, rìsíìtì ló kún inú ẹ̀. Dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní ìtọ̀ ṣúgà, pé kí wọ́n dín gààrí, búrẹ́dì àti ìrẹsì funfun kù, kí wọ́n máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ẹja àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò tíì pọ́n. Ọmọ wọn tó wà ní Amẹ́ríkà wá sọ fún wọn pé wọ́n máa ń yọ irú owó oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kúrò nínú owó orí. Màmá ń béèrè pé ọ́fíìsì wo ní Minna ni káwọn kó rìsíìtì náà lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀pọ̀ nínú wa, la ṣe wádìí ẹ̀.

Ọmọ Màmá ò parọ́. Òfin Amẹ́ríkà gbà á, àmọ́ ó ní gbèdéke. Dókítà gbọ́dọ̀ jẹ́rìí sí i pé àìsàn ló fa oúnjẹ náà. Iye tó fi wọ́n ju oúnjẹ tí gbogbo èèyàn ń jẹ lọ nìkan ni wọ́n ń kà. Àpapọ̀ owó ìtọ́jú onítọ̀hún sì gbọ́dọ̀ ju ìdá 7.5 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un lọ kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ní Canada náà, ẹni tó ní àrùn celiac, ìyẹn ẹni tí ara rẹ̀ kò gba àlìkámà, lè ka iye tí oúnjẹ tirẹ̀ fi wọ́n ju ti ẹlòmíì mọ́ owó ìtọ́jú.

Nàìjíríà ńkọ́? Kò sí i. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí lóṣù kẹfà ọdún 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2026, ti ka ohun tí èèyàn lè yọ sílẹ̀. Àwọn náà ni: owó pẹ́ńṣọ̀n, owó tí à ń dá sí ètò ìlera ìjọba, owó àjọ ilé gbígbé ti ìjọba àpapọ̀, owó ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí fún ara ẹni tàbí ọkọ tàbí ìyàwó ẹni, èlé lórí owó tá a yá kọ́ ilé tá à ń gbé, àti ìdá 20 nínú 100 owó ilé tá à ń san lọ́dún, àmọ́ kò gbọ́dọ̀ ju ₦500,000 lọ. Kò sí oúnjẹ níbẹ̀, kò sì sí owó òògùn.

Àwọn kan nínú wa tá à ń tajà ní, "Ṣebí ká kọ ọ́ mọ́ ìnáwó ṣọ́ọ̀bù." Rárá o. Ohun tá a ná nítorí ọjà nìkan lòfin gbà: owó ọkọ̀ ẹrù, owó ṣọ́ọ̀bù, owó ọmọ iṣẹ́. Ẹni tó bá ki owó ọbẹ̀ bọ̀ ọ́, irọ́ ló pa fún ìjọba, ó sì ní ìjìyà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ohun tó tọ́ sí wa. Ká ní èrè ọjà yín lọ́dún, lẹ́yìn ìnáwó ọjà, jẹ́ ₦1,500,000. Ẹ san owó ilé ₦150,000. Ìdá 20 rẹ̀ jẹ́ ₦30,000. Ẹ dá ₦20,000 sí ètò ìlera. Ẹ yọ ₦50,000 yìí, ó ku ₦1,450,000. Òfin ò gba kọ́bọ̀ lórí ₦800,000 àkọ́kọ́. Ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n máa gbà lórí ₦650,000 tó kù, ìyẹn ₦97,500. Ká ní ẹ ò yọ nǹkan kan ni, ₦105,000 lẹ ò bá san. Ẹni tí èrè ẹ̀ lọ́dún ò ju ₦800,000 lọ, kò ní san rárá.

Torí náà, rìsíìtì tó yẹ ká tọ́jú ni ti lánlọ́ọ̀dù, ti ètò ìlera àti ti ọjà. Ètò ìlera ìpínlẹ̀ kì í ra oúnjẹ fúnni, àmọ́ ó lè gbé díẹ̀ nínú owó dókítà àti òògùn, owó tá a bá sì dá sí i ṣeé yọ. Ẹ má gbàgbé pé ìpínlẹ̀ tá à ń gbé la ti ń san owó orí, kì í ṣe ìlú tí bàbá wa ti wá. Ẹni tó ń gbé Maikunkele, Ìpínlẹ̀ Niger ló ń sanwó fún, kó sì kọ ìṣirò ọdún tó kọjá sílẹ̀ fún wọn kí oṣù kẹta tó parí.

Ní ti Màmá, a bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tìtorí èyí padà sídìí gààrí. Ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń rà lọ́jà, kò sí owó VAT lórí ẹ̀. Ohun tá a sì fẹnu kò sí nínú ẹgbẹ́ ni pé nígbà ìkórè, tí ẹ̀wà bá dínwó, àwọn tó ní irú àìsàn yìí á jọ dáwó ra àpò, wọ́n á sì pín in. Ẹgbẹ́ yín náà lè ṣe bẹ́ẹ̀.