Èdè gbàjọba ní Tamil Nadu. Kí ló dé tí kò mi ẹnikẹ́ni l'Ékìtì?

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Mínísítà Ètò Ẹ̀kọ́, Tunji Alausa, kéde pé ìjọba àpapọ̀ ti fagi lé ètò ọdún 2022 tó ní kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ títí yóò fi parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Òyìnbó ni kí wọ́n máa fi kọ́ni báyìí, láti jẹ́lé-ó-sinmi dé yunifásítì. Àkúrẹ́ ni ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ti fẹnu kò lé e lórí, nílẹ̀ Yorùbá níbí. A ò gbọ́ pé ọjà kankan tì nítorí ẹ̀, yálà n'Íjerò, n'Árámọ̀kọ tàbí l'Ẹ́fọ̀n.

Ní Tamil Nadu tó wà ní gúúsù Íńdíà, tí wọ́n ń pè ní Madras tẹ́lẹ̀, irú ìkéde báyìí ti mú ẹ̀mí lọ. Lọ́dún 1937, Rajagopalachari tó ń ṣolórí ìjọba Madras sọ Hindi di dandan nílé ẹ̀kọ́. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan, Periyar, kó èrò jáde, wọ́n sì fagi lé òfin náà ní 1940. Nígbà tó di 1965 tí Delhi fẹ́ fi Hindi nìkan ṣe èdè ìjọba, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Tamil dìde, àwọn kan dáná sun ara wọn. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ́ òṣèlú DMK fi ìbò lé ẹgbẹ́ Congress kúrò lórí àlééfà níbẹ̀. Òyìnbó ni wọ́n sì dì mú láti fi dènà Hindi, òyìnbó yìí kan náà tó ń lé Yorùbá kúrò ní kíláàsì lọ́dọ̀ tiwa.

Kì í ṣe pé ará Èkìtì ò mọ ìjà jà. Fábùnmi Òkèmẹ̀sí ló dìde sí ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Ìjà náà di Kírìjì, Èkìtìparapọ̀ ò sì tọwọ́ bọ̀wé àlàáfíà àfi ní 1886. Ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ ní 1996. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣàkóso wọn ni wọ́n ń bá wí, wọn ò mú ọ̀rọ̀ èdè wọn sí i. Ìbò gómìnà 2014 tí gbogbo ayé mọ̀ Èkìtì sí, ọ̀rọ̀ ikùn ló gbòde, kì í ṣe ti ahọ́n.

Ó tún ku kinní kan. Yorùbá inú ìwé, ti Ọ̀yọ́ ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ọmọ Ìjerò tó ń pe ilé ní "ulé" lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, tíṣà á fa igi pupa sí i. Ètò 2022 gan-an ì bá má dé ọ̀dọ̀ ọmọ yẹn tán.

Abala 97 ìwé òfin 1999 gba ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ láyè láti máa fi èdè ìbílẹ̀ jókòó pẹ̀lú òyìnbó, ìpínlẹ̀ sì lágbára lórí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá wá tọrọ ìbò lọ́wọ́ yín, ẹ bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi agbára wọ̀nyí ṣe.