Server Tó Ń Kú Tó Tún Ń Tan Ara Rẹ̀

Ní ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì, iléèwé àti ilé ìwòsàn aládàáni, àpótí kékeré kan wà nígun yàrá tí gbogbo fáìlì ibẹ̀ ń gbé inú rẹ̀. Synology àti QNAP wà lára àwọn tó ń ṣe irú rẹ̀. Kò ní ojú tí à ń wò, kò ní kíbọ́ọ̀dù, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà gidi ni, Linux tí Linus Torvalds kọ́kọ́ gbé jáde ní Finland lọ́dún 1991 ló sì ń darí rẹ̀. Bí àpótí yìí bá bàjẹ́ pátápátá, kò ṣòro láti mọ̀. Èyí tó ń dààmú ẹni ni èyí tó ń kú lójijì lẹ́nu iṣẹ́, tó tan ara rẹ̀ padà láàárín ìṣẹ́jú méjì, tó wá ń bá iṣẹ́ lọ bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. A ó ra power pack tuntun fún un. Kò gbọ́. A ó pààrọ̀ RAM. Kò tún gbọ́. A ó wá ní ó ti gbó. Lójú tèmi, owó tó bá bẹ́ẹ̀ lọ ti lọ lásán, nítorí pé bí server ṣe kú máa ń tọ́ka sí ohun tó pa á, kódà nígbà tí kò bá kọ ohunkóhun sílẹ̀.

Linux máa ń kọ ohun tó bá ń ṣe sílẹ̀, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní log. Lórí ọ̀pọ̀ Linux òde òní, bí ẹ bá tẹ journalctl -b -1 -e, ìparí ohun tó kọ kó tó kú ni yóò jáde. Bí ẹnì kan ló pàṣẹ, tàbí tó jẹ́ pé àtúnṣe aládàáṣe ló tún un tàn, ẹ ó rí i bó ṣe ń ti iṣẹ́ rẹ̀ pa lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń tú àwọn dísíìkì sílẹ̀. Ikú tó létòlétò nìyẹn, kò sì sí ohun tí power pack fẹ́ ṣe sí i. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, log á kàn já ni. Ní aago 02:17, iṣẹ́ kan kọ pé òun ti bẹ̀rẹ̀. Ìlà tó tẹ̀ lé e, ní 02:19, ni ìlà àkọ́kọ́ tí Linux máa ń kọ nígbà tó bá ń jí. Kò sí ó dìgbà, kò sí ẹ̀sùn. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń pa ìwé dé pé log ò sọ nǹkan kan. Ó sọ nǹkan. Ó ní Linux ò ráyè sọ̀rọ̀ kí nǹkan tó gé e, a sì ti mọ̀ báyìí pé kì í ṣe ẹnikẹ́ni ló pàṣẹ pé kó kú.

Ẹni tó mọ iṣẹ́ yìí dáadáa lè ta kò mí níbí, àtakò rẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Nígbà tí kernel, ìyẹn àárín gbùngbùn Linux, bá kọsẹ̀ débi pé kò lè tẹ̀ síwájú mọ́, kì í sábà ráyè kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn sórí dísíìkì. Yàtọ̀ síyẹn, inú ọ̀pọ̀ àpótí báyìí ni aago ìṣọ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní watchdog: Linux gbọ́dọ̀ máa fọwọ́ kàn án lóòrèkóòrè, bí ó bá sì pẹ́ jù, watchdog á pa ẹ̀rọ, á tún un tàn. Ìdákẹ́jẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń fi sílẹ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó fà á. Bí a bá fi Linux sílẹ̀ bó ṣe wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kì í tan ara rẹ̀ lẹ́yìn irú ìkọsẹ̀ bẹ́ẹ̀; ńṣe ló máa ń dúró gbagidi síbi tó kú sí. Àwọn tó ṣe àpótí ló sọ fún un pé kó jí, torí kò sẹ́ni tó jókòó tì í. Ìrànlọ́wọ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń nu ojú ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ká wá ibòmíràn tí ẹ̀rí yóò máa gbé. Ohun kan wà nínú Linux tó ń jẹ́ netconsole, tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ kernel sórí kọ̀ǹpútà mìíràn lórí nẹ́tíwọ̀kì lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá tún kú, tí kọ̀ǹpútà kejì gba ẹ̀sùn, ó di ọ̀rọ̀ Linux. Bí òun náà ò bá gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọjú sí iná àti irin.

Àwa tiẹ̀ ti ní ìdáhùn lẹ́nu tẹ́lẹ̀: NEPA ni. Ní Èkó tàbí Ìbàdàn, kò sẹ́ni tó lè yọ iná kúrò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Power pack tó péye lè gbé ẹ̀rọ dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16 lẹ́yìn tí iná bá já. Inverter ilé lè lo mílísẹ́kọ́ńdì 10 sí 20 kó tó gbà á, òmíràn ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fáànù òkè àjà ò ní dúró, ṣùgbọ́n server ti kú. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní iná ò lọ fi lè ṣì í, tí ẹni tó ń pariwo NEPA náà sì lè ṣì í. Aago ló máa là wọ́n. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ̀rọ kú lọ́kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí ẹ kọ ti ìgbà tí iná yí padà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bára mu, UPS tí kì í jẹ́ kí iná já rárá ni ẹ lọ rà, ẹ fi RAM sílẹ̀. Bó bá jẹ́ òru tí ẹ̀rọ ń yẹ gbogbo dísíìkì rẹ̀ wò ló máa ń kú, iná NEPA ò mọ̀ nípa ìyẹn. Power pack ni kí ẹ tú, kí ẹ wò ó bóyá orí kapásítọ̀ inú rẹ̀ ti wú, torí èyí tó ti rẹ̀ lè gbé ẹ̀rọ tó jókòó jẹ́jẹ́, kó má lè gbé èyí tó ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára.

RAM náà lẹ́bi nígbà mìíràn. Lọ́dún 2009, àwọn olùṣèwádìí láti Yunifásítì Toronto àti Google gbé àbájáde jáde lórí àwọn kọ̀ǹpútà Google: lọ́dún kan, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ẹ̀rọ náà ni àṣìṣe RAM tó ṣeé tún ṣe wáyé lórí wọn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n memtest86+ wà tó lè yẹ RAM wò láti alẹ́ dòwúrọ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Wọ́n á ní àwọn èèyàn ń dúró de fáìlì wọn, pé kò sáyè ìwádìí, pé ká ṣáà pààrọ̀ nǹkan. Ìrora yẹn kì í ṣe kékeré, pàápàá níbi tí aláìsàn ti ń dúró de ìwé rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 2011, nígbà tí àṣìṣe ìṣirò àkókò nínú kernel mú kí àwọn server kan máa ṣubú bí wọ́n bá ti wà lójúfò fún ọjọ́ 208 àti ààbọ̀. Ẹni tó bá pààrọ̀ power pack lọ́jọ́ náà yóò rí ẹ̀rọ rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ gaara fún oṣù mẹ́fà lé, yóò sì búra pé òun ti wò ó sàn. Nítorí náà, nǹkan kan ṣoṣo ni kí ẹ máa pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ̀rọ bá sì ń kú ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, ìsinmi ọjọ́ mẹ́ta kò tíì tó láti sanwó iṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni; ẹ jẹ́ kó lo oṣù kan gbáko, pẹ̀lú ìwé wákàtí yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.