Tòkunbọ̀ ni Àbí Tuntun? Bí Mo Ṣe Yan Kámẹ́rà Tí Mo Fi Ń Ṣiṣẹ́

Oṣù méjìlá gbáko ni mo fi dá àjọ tí mo fi ra kámẹ́rà mi. Ní ọjọ́ tí owó náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, inú mi dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó bà mí ju ìdùnnú náà lọ. Bí mo bá ṣì í ná, oṣù méjìlá mìíràn ni n óò tún fi dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni mo ti gba owó àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan pé èmi ni n óò ya àwòrán ìgbéyàwó rẹ̀, ọjọ́ náà kò sì ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ mọ́.

Kámẹ́rà méjì ni ó wà níwájú mi. Èkínní ni Canon EOS R50, tí ó jáde ní ọdún 2023, tuntun nínú páálí rẹ̀, pẹ̀lú lẹ́ńsì kékeré tí wọ́n máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn. Èkejì ni Canon EOS 5D Mark II, tí ó jáde ní ọdún 2008. Tòkunbọ̀ ni èyí, ara rẹ̀ ti họ, ọ̀dà igun rẹ̀ sì ti ṣí. Èyí tuntun yóò gbé gbogbo owó mi lọ. Èyí àgbà yóò gbé ohun tí ó lé díẹ̀ ní ìdajì.

Ìyá mi kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀ sétí rárá, n kò sì lè bá wọn jiyàn. Ní ọdún méjì ṣáájú ìgbà náà, mo yá kámẹ́rà tòkunbọ̀ kan lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní àdúgbò wa. Bí àwọn àgbà ti ń fi oyin kan ọmọ lẹ́nu ni kámẹ́rà náà dákẹ́. Ṣọ́tà rẹ̀ ti kú. Fóònù ni mo fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, mo sì dá owó oníṣẹ́ padà. Ṣùgbọ́n owó kò lè dá àsìkò padà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a ń sọ ọmọ lórúkọ. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Ẹni tí mo sá tọ̀ lọ ni bàbá kan tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí Bàbá Fọ́tò. Wọ́n ti ní ilé ìyàwòrán ní Mọ́kọ́lá, ní Ìbàdàn, láti ìgbà tí a ti ń fi fíìmù ya fọ́tò. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì ro ẹjọ́ mi. Wọn kò tilẹ̀ bi mí léèrè iye owó tí ó wà lọ́wọ́ mi.

"Ọmọ mi, kí ni o fẹ́ máa yà? Níbo ni o sì ti fẹ́ máa yà á?"

"Ìgbéyàwó ni, bàbá, àti ọjọ́ ìbí àwọn àgbàlagbà. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni, inú gbọ̀ngàn, àti òde alẹ́."

"Ṣé iná máa ń tó níbẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín. Ta ni kò mọ gbọ̀ngàn wa? Iná elésè àlùkò lórí ìtàgé, òkùnkùn lórí tábìlì àwọn ìyá.

"Ó dára," ni bàbá wí. "Lọ ra ojú kí o tó ra orí."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó là mí lójú. Lẹ́ńsì ni ojú kámẹ́rà. Inú rẹ̀ ni ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé wà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára ni ó sì ń sọ bí ihò náà ṣe lè fẹ̀ tó. Bí nọ́ńbà bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń fẹ̀ tó. Lẹ́ńsì 18-45mm tí ó ń bá R50 wá kò lè fẹ̀ ju f/6.3 lọ bí a bá fà á dé 45mm. Lẹ́ńsì 50mm f/1.8, tí ó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù lọ, ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ wọlé ní nǹkan bí ìlọ́po méjìlá ti èyí. Ìlọ́po méjìlá! Ó ṣòro kí ọgbọ́n inú kámẹ́rà tuntun tó dí irú àlàfo bẹ́ẹ̀. Bí owó mi bá tó láti ra R50 kí n sì tún ra lẹ́ńsì bẹ́ẹ̀ sí i, ọ̀rọ̀ ìbá yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kò tó.

Mo wá jókòó, mo fi àwọn méjèèjì wé ara wọn láìṣe ojúsàájú. Sẹ́ńsọ̀, èyí tí ìmọ́lẹ̀ ń bà lé nínú kámẹ́rà, fẹ̀ tó mìlímítà 36 sí 24 nínú 5D Mark II. Ti R50 jẹ́ 22.3 sí 14.9. Ti àgbà fẹ̀ ju ti ọmọdé lọ ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀. Òótọ́ ni pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ó wà láàárín wọn, àwọn tí ó ṣe sẹ́ńsọ̀ tuntun sì ti kọ́ ọgbọ́n púpọ̀ láàárín ìgbà náà, nítorí náà ìyàtọ̀ wọn nínú òkùnkùn kò tó bí ìwọ̀n wọn ṣe ń pariwo.

Ní ti megapixel tí gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ béèrè, àgbà ní 21, ọmọdé ní 24. Mo ṣírò rẹ̀. Bí a bá tẹ àwòrán wọn jáde lọ́nà tí ó mọ́ kedere, ti àgbà yóò gùn ju ínǹṣì 18 lọ, ti ọmọdé yóò gùn tó 20. Kò sí ìyá ìyàwó tí yóò rí ìyàtọ̀ yẹn lára ògiri pálọ̀ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n n kò ní tan yín jẹ. Àwọn nǹkan kan wà tí èyí tuntun fi gba iwájú pátápátá. Ó máa ń wá ojú ènìyàn rí fúnra rẹ̀, a sì tẹ̀ lé e bí ẹni náà ti ń rìn. Ojú ibi mẹ́sàn-án péré ni 5D Mark II lè fi wo nǹkan kedere, èyí tí ó wà láàárín ni mo sì gbára lé jù. R50 ń ya fídíò 4K. Ti àgbà kò kọjá 1080p. R50 ń fi àwòrán ránṣẹ́ sórí fóònù láìsí wáyà. Kò wúwo, nítorí pẹ̀lú bátìrì àti káàdì nínú rẹ̀, kò tó gíráàmù 400. Ara 5D Mark II nìkan jẹ́ 810. Ẹni tí ó ń ya fídíò fún Instagram, tàbí tí ó ń lé ọmọ ọdún méjì kiri inú ilé, èyí tuntun ni kí ó rà. Kí ó má wo ẹ̀yìn.

Iṣẹ́ tèmi ni ó yàtọ̀. Àwọn Yorùbá sì ní, bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Láti ọdún 1987 ni Canon ti ń ṣe irú lẹ́ńsì EF tí ó bá 5D Mark II mu. Nítorí náà, tòkunbọ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́jà, ti olówó ńlá àti ti olówó kékeré. Bí mo bá sì padà ra kámẹ́rà tuntun ti Canon ní ọjọ́ iwájú, ìsopọ̀ kékeré kan wà tí yóò jẹ́ kí àwọn lẹ́ńsì náà ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Ara kámẹ́rà ń di ogbó kíákíá. Lẹ́ńsì máa ń pẹ́ láyé jù ú lọ.

Mo ti pinnu, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìsọmọlórúkọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nítorí náà, mo kọ ohun tí n óò yẹ̀ wò sínú ìwé.

Èkínní, mo tan tọ́ọ̀ṣì sínú lẹ́ńsì láti ẹ̀yìn. Ní ṣọ́ọ̀bù tí mo kọ́kọ́ dé, mo rí ohun kan tí ó dà bí okùn aláǹtakùn nínú gíláàsì. Olú ni, ọ̀rinrin ni ó fà á. Mo dá a padà sórí káńtà.

Èkejì, mo béèrè iye ìgbà tí ṣọ́tà ti ṣí. Ilé iṣẹ́ náà ní ti 5D Mark II lè ṣí ní ìgbà 150,000. A kò lè rí iye yìí lára fáìlì àwòrán bí a ṣe ń rí i nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà Nikon. Wáyà àti kọ̀ǹpútà ni a fi ń wò ó. Ti ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ ti kọjá 190,000. Ti èyí tí mo rà jẹ́ 62,000.

Ẹ̀kẹta, mo fi ihò lẹ́ńsì sí f/22, mo ya ògiri funfun. Bí ìdọ̀tí bá wà lórí sẹ́ńsọ̀, yóò hàn bí ẹ̀yún. Mo tún dé lẹ́ńsì pa, mo ya òkùnkùn fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí n lè rí i bóyá àmì funfun tàbí pupa yóò yọ níbi tí kò yẹ.

Ẹ̀kẹrin, mo tẹ gbogbo bọ́tìnnì, mo so filáàṣì mọ́ ọn, mo sì ya àwòrán ọgọ́rùn-ún léraléra níwájú ẹni tí ó ń tà á. Ó fẹ́ bínú. Mo bẹ̀ ẹ́, n kò dúró.

Ẹ̀karùn-ún, mo gba ìwé rìsíìtì tí nọ́ńbà ara kámẹ́rà wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú àdéhùn pé mo lè dá a padà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí kò bá lè kọ nọ́ńbà yẹn fún yín, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí ó ti rí ọjà rẹ̀.

Owó tí ó ṣẹ́ kù ni mo fi ra lẹ́ńsì 50mm, filáàṣì, bátìrì méjì àti káàdì méjì. Mo ra ike onídèérí kan, mo sì ń kó àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà sínú rẹ̀, nítorí wọ́n máa ń fa ọ̀rinrin. Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù ni pé mo bá ẹlẹgbẹ́ mi kan ṣe àdéhùn: ní ọjọ́ òde mi, n óò yá kámẹ́rà tirẹ̀ ṣe ìfẹ̀yìntì, ní ọjọ́ òde tirẹ̀, yóò yá tèmi. Tuntun lè kú, tòkunbọ̀ lè kú. Ohun tí ó bà mí jẹ́ ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ yẹn ni pé n kò ní èkejì lọ́wọ́.

Ọjọ́ ìgbéyàwó kò lọ geere tán. Nígbà tí ọkọ àti ìyàwó ń jó wọlé, àwòrán bíi mélòó kan kò hàn kedere. Ó dá mi lójú pé R50 ìbá mú wọn. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ ti ṣú, mo rí ìyá àgbà ìyàwó ní igun gbọ̀ngàn, wọ́n ń wo ọmọ wọn bí ó ti ń jó. N kò tan filáàṣì. Mo ṣí lẹ́ńsì dé f/1.8, mo mú èémí dúró, mo tẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyàwó pè mí pé kí n bá àwọn tẹ àwòrán náà sí férémù ńlá. Ó ní fọ́tò tí ìyá àgbà ní kẹ́yìn ni èyí tí ó wà lára káàdì ìdìbò wọn, wọn kò sì fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Èyí ni wọ́n ní kí a gbé kọ́ sí pálọ̀. Kò sí ẹnì kankan nínú ilé náà tí ó bi mí léèrè ọdún tí kámẹ́rà mi jáde.